Èmi Ni Mo Tu Olú Tí Màmá Bàólójì Rí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi pé n kò kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ohun kan wà nínú mi láti ọdún tó kọjá tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, n kò sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo rò pé n óò gbé e dé sàréè ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kó obìnrin àgbà kan kúrò nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò pé mọ́, pé ó ti ń rí ohun tí kò sí. Irọ́ ni. Ohun tó rí wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bódìjà ni mo ń gbé. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Ìbàdàn, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ti kú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa. Iṣẹ́ náà kò le. Mo máa ń pe ìpàdé, mo máa ń bá àwọn tó ń da pàǹtírí sí ojú gọ́tà jà, mo sì máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àwọn géètì.

Ilé obìnrin tí mò ń sọ yìí ló tẹ̀lé tèmi. Màmá Bàólójì ni gbogbo wa ń pè é, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ewéko ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Bí ẹ bá bá a lọ sí Ọjà Bódìjà, ẹ kò ní tètè délé, nítorí àwọn tí orí wọn ti pá ń dọ̀bálẹ̀ kí i lójú ọ̀nà, òun náà á sì máa bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì rántí ohun tí òun kọ́ wọn.

Lẹ́yìn ilé wa méjèèjì ni ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ó rọra dà wálẹ̀ dé etí odò kékeré kan. Igi odán ńlá kan wà níbẹ̀, òkìtì ògán kan tí ikán mọ sì wà lábẹ́ igi náà, ó ga tó ènìyàn. A ti mọ ògiri yí ilẹ̀ náà ká, a sì fi géètì kan sí i. Kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn wà lọ́wọ́ mi. Màmá kò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ga, ó máa ń dúró síbẹ̀ láàárọ̀ wo àwọn ẹyẹ.

Lọ́dún tó kọjá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ní kí a kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé sórí ilẹ̀ náà, kí a sì fi bíríkì íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ ìyókù fún ìgbọ́kọ̀sí. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Màmá nìkan ló dìde.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ ṣe sùúrù. Àgbẹ̀ ni àwọn ikán yẹn. Ewé gbígbẹ àti igi jíjẹrà tí wọ́n ń kó wọlé, inú wọn kò lè dá a lọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń kó o jọ sí, olú á hù lórí rẹ̀, olú yẹn ló máa sọ ọ́ di oúnjẹ fún wọn. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, olú náà á yọ orí síta. Mo rí i lọ́dún tó ṣáájú."

Ó ní kò sí ẹni tó lè gbin irú olú bẹ́ẹ̀, ikán nìkan ló mọ̀ ọ́n gbìn. Ó ní nígbà tí òun ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin máa ń tà á sínú abọ́ ńlá lójú ọ̀nà Mónìyà, ṣùgbọ́n báyìí ènìyàn lè wá a títí kó má rí i, nítorí ibi tí òkìtì wà ni wọ́n ń kọ́lé sí. Ó ní ihò tí ikán gbẹ́ ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní bí olú bá tán nínú ilẹ̀, òkú ewé àti òkú igi kò ní ẹni tí yóò sọ wọ́n di ilẹ̀ padà.

Alága wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé nítorí ọbẹ̀ ni ká ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò jókòó.

Níkẹyìn, a fẹnu kò sí i pé kí a dúró de ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Màmá ní akẹ́kọ̀ọ́ òun àtijọ́ kan wà, obìnrin kan tó ti di dókítà, iṣẹ́ ìwádìí nípa olú ló ń ṣe. Bí olú náà bá jáde, tí Dókítà yìí sì fojú rí i, a óò fi apá ibi tí igi àti òkìtì wà sílẹ̀, a óò ṣe ọgbà yí i ká. Bí kò bá jáde, kátápílà yóò wọlé.

Alága wá yíjú sí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ ń wọ ibẹ̀. Ṣé ẹ ti rí olú níbẹ̀ rí?"

Mo ní olú inú agolo nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òkè-Ògùn, ẹ óò mọ irú irọ́ tí mo pa yẹn. Olú ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Bí àrá bá sán nígbà ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìyá mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó gbé agbọ̀n lọ sóko. Nílé wa, ẹni tó bá rí ibi tí olú ń hù kì í fi han aládùúgbò. A máa ń tu ú pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni, a óò fi yẹ̀pẹ̀ dí ojú ihò, a óò wá fọ́n ewé gbígbẹ sórí rẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa mọ̀. Ìyá mi kì í tu ú tán, ó máa ń fi àwọn tó ti ya gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀. Olú tí Màmá rí lọ́dún tó ṣáájú, èmi náà rí i. Mo tu díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ikán ni. Ikán inú òkìtì yẹn gba abẹ́ ògiri mi wọlé. Wọ́n jẹ férémù ilẹ̀kùn, n kò sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ àpótí ìwé, n kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ àpótí aṣọ ìyàwó mi. Aṣọ òkè tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo fa ìró náà yọ, yẹ̀pẹ̀ ló dà sí mi lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ nípa ire tí ikán ń ṣe. Mo fẹ́ kí kátápílà wá.

N kò sọ ìyẹn ní ìpàdé. Bóyá ká ní mo sọ ọ́, Màmá ì bá wá nǹkan ṣe sí i. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Màmá wá kan géètì mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, wọ́n ti dé! Mo rí wọn láti orí ògiri, funfun báláú, wọ́n yí òkìtì ká!" Ó ti pe Dókítà lórí fóònù kékeré rẹ̀, irú èyí tí kò lè ya àwòrán. Dókítà ní òun ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òun óò wá ní kùtùkùtù Sátidé. Màmá bẹ̀ mí pé kí n ṣáà ti géètì, kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí di ọjọ́ kejì.

Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Mo bá a yọ̀.

Lọ́sàn-án, nígbà tí Màmá ń sinmi, mo ṣí géètì. Mo tu gbogbo olú náà. N kò fi èyí tó ti ya sílẹ̀, n kò fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí sílẹ̀. Gbòǹgbò wọn gùn, mo rọra fà wọ́n kí wọ́n má bàa já. Mo dí ihò wọn, mo fọ́n ewé odán sórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, òjò tún rọ̀, ó pa ojú ẹsẹ̀ mi rẹ́.

Mo sè é. Mo fi ata àti àlùbọ́sà sí i, mo tẹ ẹ̀bà, mo dá jẹ ẹ́ nínú ilé ìdáná. Ó dùn. N kò ní tún purọ́ mọ́, ó dùn gan-an.

Láàárọ̀ Sátidé, Dókítà dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Alága wá. Mo ṣí géètì fún wọn. Màmá wọ bàtà rọ́bà, ó ṣáájú. Nígbà tó dé ìdí òkìtì, ó dúró. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá inú ewé. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a wá a. Wọn kò rí nǹkan kan.

Màmá ní, "Ẹnì kan ti tu wọ́n."

Alága wò mí. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹnì kan wọ ibí lánàá?"

Mo ní kò sí ẹni tó wọlé. Mo ní èmi fúnra mi yọjú síbẹ̀ lọ́sàn-án, n kò rí olú kankan. Lẹ́yìn náà ni mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Màmá, bóyá ọ̀rá piọ́wọ́tà ni ẹ rí. Afẹ́fẹ́ máa ń kó wọn wá síbẹ̀." Lóòótọ́, ọ̀rá omi méjì tàbí mẹ́ta wà nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo wa la mọ̀.

Ó wo àwọn ọ̀rá náà. Ó wo ojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé yóò sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rá? Ó lè jẹ́ ọ̀rá."

Dókítà ní ojú ọ̀gá òun kì í ṣi ohun wò, pé kí a dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní òun kò lè jẹ́rìí sí ohun tí òun kò rí. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, Màmá fúnra rẹ̀ dìde. Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, òun ni òun ṣìnà. Alága ní, "Màmá, ẹ ti fi bàólójì lá àlá." A tún rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá kò rẹ́rìn-ín.

Kátápílà dé. Wọ́n wó òkìtì, wọ́n gé àwọn gbòǹgbò odán tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì. Ó mọ́ tónítóní. Mo lọ jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, mo sì sọ fún ìyàwó mi nínú ọkàn mi pé mo ti gbẹ̀san aṣọ rẹ̀.

Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Òkìtì nìkan ni wọ́n wó, ìyá ikán wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹnu kátápílà kò dé. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí ewé jẹ mọ́, gbogbo ilé ni wọ́n wọ̀. Alága ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Omi òjò tí kì í yọ wá lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ń gba orí íńtálọ́ọ̀kì ṣàn wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Igi odán ti gbẹ lápá kan. Lọ́dún yìí, òjò rọ̀, àrá sán, kò sí olú tó yọ orí níbikíbi ní àdúgbò wa. Dókítà sọ fún Màmá lórí fóònù pé òun ti wá irú rẹ̀ dé Ẹlẹ́yẹlé, òun kò rí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí olú nìkan ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Láti ọjọ́ Sátidé yẹn, Màmá kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara rẹ̀ mọ́. Ó máa ń pa gáàsì, á tún padà lọ wò ó. Ó máa ń pe aládùúgbò kó wá bá òun wo oògùn kó tó lò ó. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n má wá mọ́, kí òun má bàa kọ́ wọn ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

Mo máa ń lọ kí i lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló máa ń bi mí. Á ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ojú yín ṣì dá, ṣé kò sí olú níbẹ̀ lóòótọ́?" Gbogbo ìgbà ni mo máa ń dáhùn pé, "Kò sí, Màmá. Ọjọ́ orí ni." Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Síbẹ̀ mo ń lọ. N kò mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Délé, àkọ́bí rẹ̀ tó wà l'Ábújá, pè mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ màmá mi jù. Wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn ń rí ohun tí kò sí. Báwo lẹ ṣe rí wọn sí?" Àǹfààní ńlá nìyẹn jẹ́ fún mi. Mo lè sọ òótọ́ fún ọkùnrin tí n kò rí ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa fojú sí wọn lára, Délé. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan."

Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Olú, ebi lè mú ènìyàn tu ú. Kò sí ohun tó mú mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn bí kò ṣe ẹ̀rù kí wọ́n má bàa rí mi bí mo ṣe rí.

Báyìí, wọ́n ti ṣètò pé kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ Délé. Wọ́n fẹ́ fi ilé náà rẹ́ǹtì. Yàrá kan ni wọ́n ṣe fún un nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní ẹ̀yìnkùlé, kò ní ibi tó ti máa dúró wo ẹyẹ. Délé kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó gba ohun tí mo sọ gbọ́ ni. Ó ti bẹ̀ mí pé kí n wà níbẹ̀ ní Sátidé, nítorí Màmá fọkàn tán mi, kó má bàa di ìjà.

Kò ní di ìjà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo lọ síbẹ̀. Màmá ti di ẹrù rẹ̀. Mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé n óò sọ ọ́. Mo jókòó. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Akọ̀wé, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín kí n tó lọ. Gbogbo àwọn tó fẹ́ràn mi, títí dórí Dókítà tí mo kọ́, wọ́n ní bóyá mo rí i, bóyá mo rí i. Wọ́n ń kẹ́ mi ni. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò fi irọ́ tù mí nínú."

Mo mu omi tó gbé fún mi, mo dìde, mo ní ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ kò nílò láti sọ ìyẹn fún mi. N kò bẹ̀rù Alága mọ́, n kò sì bẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n yọ mí ní akọ̀wé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, bí mo bá dé iwájú rẹ̀ tí mo ní, "Màmá, olú wà níbẹ̀, èmi ni mo tu ú," yóò fi ọwọ́ gbá mi léjìká, yóò ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé òun mọ̀ pé àánú òun ló ń ṣe mí nítorí pé òun ń lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé n kì í purọ́ fún un.

Sátidé kò jìnnà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí yóò fi gbà mí gbọ́?